Ẹ̀wà Kì í Ṣe Oúnjẹ Ìtìjú

Ní ọjọ́ kan, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ oúnjẹ tí olúkúlùkù wọn fẹ́ràn jù lọ, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀kan ní iyán ni, èkejì ní àmàlà ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ní ìrẹsì àti ẹran adìẹ ni. Nígbà tí ó kan ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó dìde, ó ní, "Ẹ̀wà ni, sà." Kí ó tó sọ ìdí rẹ̀, gbogbo kíláàsì ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pè é ní "Ọmọ ẹlẹ́wà". Ẹlòmíràn bi í léèrè bóyá owó ẹran ni ó tán ní ilé wọn. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó sì jókòó láì sọ ìdí rẹ̀ mọ́.

Mo bá wọn wí ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe àwọn ọmọdé nìkan ni ó ń ronú báyìí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò jẹ́ gbé ẹ̀wà síwájú àlejò láì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Èrò tèmi ni pé àṣìṣe ńlá ni èyí. Ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ ìtìjú. Bí ohun ìtìjú kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìkánjú tí a fi ń sè é ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ipò tí àwọn baba ńlá wa fi ẹ̀wà sí. Bí a bá bó o, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì dín in, ó di àkàrà. Bí a bá pọn ọ́n sínú ewé, ó di ọ̀ọ̀lẹ̀. Bí a bá sè é di ọbẹ̀, ó di gbẹ̀gìrì, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn fi ń jẹ àmàlà. Bí a bá sè é pọ̀ mọ́ àgbàdo, ó di àdàlú. Nígbà tí ìyá ìbejì bá sì ń ṣe àsè fún àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀wà ni ó máa ń sè, tí yóò sì pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ta ni yóò fi oúnjẹ ìtìjú ṣe àsè fún ọmọ tí ó fi ń yangàn?

Ẹ̀wà bá àwọn ènìyàn wa la òkun kọjá pẹ̀lú. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil kò gbàgbé àkàrà. Títí di òní, ní ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, àwọn obìnrin a máa jókòó ní ìgboro, wọn a máa fi epo pupa dín àkàrà tí wọ́n ń pè ní acarajé. Ní ọdún 2005, ìjọba ilẹ̀ náà kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn Àgùdà, tí í ṣe ọmọ àwọn tí ó padà láti ilẹ̀ náà wá sí Èkó, ní ẹ̀wà tiwọn, tí wọ́n ń fi omi àgbọn sè, tí wọ́n sì ń pè ní frejon. Wọn a máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja ní ọjọ́ Ẹtì tí àwọn Kristẹni fi ń ṣe ìrántí ikú Jésù. Bí àwọn tí ó rìn jìnnà tó báyìí bá ń fi ẹ̀wà yangàn, kí ni ó dé tí àwa tí a wà nílé fi ń fi í ṣe ẹlẹ́yà?

Ẹ má sì ṣe rò pé nítorí àṣà nìkan ni mo fi ń gbèjà rẹ̀. Bí a bá mú ẹ̀wà gbígbẹ tí ó wọn ìwọ̀n 100, nǹkan bí 20 sí 25 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ èròjà tí ń mú ara dàgbà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní purotéènì. Èròjà yìí kan náà ni a ń wá lọ sínú ẹran, ẹja àti ẹyin. Ó ṣe pàtàkì fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí eegun àti ẹran ara yín ṣì ń dàgbà. Lóòótọ́, ẹ̀wà nìkan kò pé tán, nítorí ohun kan wà tí ó ṣe aláìní, tí ó pọ̀ nínú àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohun kan wà tí àgbàdo ṣe aláìní, tí ó kún inú ẹ̀wà. Bí a bá jẹ méjèèjì pọ̀, ọ̀kan a máa dí àlàfo èkejì. Àwọn ìyá wa kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó máa fi ẹ̀kọ mu àkàrà, tàbí kí wọ́n tó máa se àdàlú. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe bá ìmọ̀ mu.

Kí ni ó wá fà á tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi kórìíra ẹ̀wà? Èmi rò pé wọn kò kórìíra ẹ̀wà rárá. Ẹ̀wà tí a kò sè dáradára ni wọ́n kórìíra. Ọmọ tí ó ti wà ní ilé-ìwé tí a ti ń gbé yóò mọ ohun tí mò ń wí: ẹ̀wà tí omi rẹ̀ ń ṣàn, tí àárín rẹ̀ ṣì le, tí òkúta ń ró nínú rẹ̀, tí kòkòrò sì léfòó lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè jẹ irú èyí tí yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀wà kọ́ ni ó ṣa òkúta sí ara rẹ̀.

Èmi náà ti jẹ irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ rí. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà da ẹ̀wà sórí àtẹ, ó ní kí n ṣà á. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé, mo sì ń gbọ́ ariwo wọn. Mo fi ọwọ́ ra ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo mú òkúta mẹ́ta tí ó hàn sójú, mo da ìyókù sínú igbá, mo sì sáré jáde. Ní alẹ́, bí a ti jókòó tí a ń jẹun, mo gbọ́ tí nǹkan ró "kó" ní ẹnu Ìyá Àgbà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tu òkúta kan sí àtẹ́lẹwọ́, ààbọ̀ eyín sì tẹ̀ lé e. Eyín náà wà lára ìwọ̀nba tí ó kù lẹ́nu rẹ̀.

Mo ti ń retí pàṣán, ṣùgbọ́n kò nà mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún gbé àtẹ ẹ̀wà mìíràn síwájú mi, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti fi eyín san owó ẹ̀kọ́ yìí. Jókòó, kí o kọ́ ọ." Láti ọjọ́ náà wá, n kò tíì ṣa ẹ̀wà ní ìdúró rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí Ìyá Àgbà ti kọ́ mi. Ẹ da ẹ̀wà sórí àtẹ ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì máa fà á sápá kan díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ òkúta, pòròpórò àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Ẹ fẹ́ ẹ, kí ìdọ̀tí fúyẹ́fúyẹ́ lè bá atẹ́gùn lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí díẹ̀. Ẹ da omi tí a fi rẹ ẹ́ nù; nínú omi yìí ni apá kan nínú ohun tí ń mú inú kún fún afẹ́fẹ́ ń bá lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi titun àti àlùbọ́sà tí a gé, kí ẹ sì dé ìkòkò náà pa. Nígbà tí ó bá ti hó, ẹ dín iná rẹ̀ kù. Bí omi bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un, kí ìkòkò má baà tutù lójijì. Nígbà tí ẹ̀wà bá ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi lè fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ fi ata, edé, ẹja gbígbẹ, iyọ̀ àti epo pupa sí i. Ẹ fi orógùn rò ó pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jókòó lórí iná díẹ̀ títí òórùn rẹ̀ yóò fi gba ilé kan. Nígbà náà ni àwọn aládùúgbò yóò máa wá ìdí tí wọn yóò fi yà kí yín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí. Wọn yóò ní ẹ̀wà ń pẹ́ lórí iná, gáàsì àti kẹrosíìnì sì wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n rírẹ tí a bá rẹ ẹ́ a máa dín àkókò náà kù, dídé ìkòkò pa a máa dín in kù sí i, ẹ̀wà tí kò tíì pẹ́ nílé kì í sì í le bí èyí tí ó ti gbó nínú àpò. Bí a bá sì fi iná ẹ̀ẹ̀kan se ìkòkò ńlá, gbogbo ilé yóò jẹ, a ó sì rí i jẹ ní ọjọ́ kejì, bí a bá ti gbé e kaná tí ó hó kí a tó sùn, kí ó má baà kan. Ẹ fi owó rẹ̀ wé owó ẹran tí ìdílé kan náà yóò jẹ yó, ẹ ó rí èyí tí ó wọ́n. Àwọn àgbà ní, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìkòkò ẹ̀wà ti mú ebi kúrò nínú ìṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìdílé.

Àwọn mìíràn ń wá ọ̀nà àbùjá. Wọn a da káún sínú ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀. Ó ń rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n káún a máa ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ tètè jẹun, ṣùgbọ́n apá kan nínú àǹfààní oúnjẹ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà àbùjá tí ó burú jù ni ti àwọn oníṣòwò kan tí ń da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà nínú àpò, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Májèlé ni. Nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní ọdún 2015. Ẹ wo bí ó ti dun ni tó, nígbà tí ó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè wa ni ó ń kórè ẹ̀wà jù lọ ní àgbáyé! Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà rere wà: bí a bá sá ẹ̀wà gbẹ dáradára, tí a dì í sínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní rí èémí mí, yóò sì kú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ọmọkùnrin. Ẹ má ṣe wí pé iṣẹ́ obìnrin ni ẹ̀wà ṣíṣà. Ọkùnrin ni èmi tí Ìyá Àgbà gbé àtẹ fún. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí mo ń dá gbé inú yàrá, ẹ̀kọ́ tí eyín rẹ̀ rà fún mi ni ó bọ́ mi. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n sè kò ní máa fi ebi dúró de ẹlòmíràn, kò sì ní rí ẹnu fi gan oúnjẹ tí ẹlòmíràn fi làálàá sè fún un.

Lẹ́yìn tí ilé-ìwé jáde ní ọjọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo pe ọmọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, mo bi í léèrè ìdí tí kò rí sọ. Ó ní, "Sà, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni màmá mi máa ń sè é. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọn kì í lọ sọ́jà. Gbogbo wa ni a máa ń jókòó ti àtẹ náà láti ṣà á, wọn a sì máa pa àlọ́ fún wa."

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ṣe ohun kan. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, ẹ bẹ ìyá yín kí ó jẹ́ kí ẹ̀yin ṣa ẹ̀wà. Ẹ jókòó sí i, ẹ má sì sáré. Bí ó bá jinná, kí ẹ kọ́kọ́ bu ti ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ fún mi bóyá oúnjẹ ìtìjú ni.