Òfò Ta Ni Adójútòfò Rẹ Ń Dójú Tì?

Ẹni tó kọ́kọ́ pe ìńṣọ́ránsì ní adójútòfò fún wa ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká rò jinlẹ̀. Ohun tó ń dójú ti òfò ni. Ṣùgbọ́n òfò tó wà lórí tírélà kan ṣoṣo pọ̀: òfò ẹni tí ọkọ̀ kọlù, òfò ẹni tó ni ẹrù, òfò ẹni tó ni ọkọ̀, òfò ẹni tó ń wà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ní tírélà kan tàbí méjì ní Houston níbí ń san owó gọbọi lọ́dọọdún, wọn kò sì mọ èwo nínú òfò wọ̀nyí ni ìwé ọwọ́ wọn lè dójú tì.

Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àwa ọlọ́kọ̀ kú. Ó ní láti relé lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú, bẹ́ẹ̀ ni báńkì ń retí gbèsè ọkọ̀ lóṣooṣù. Ó ṣe ohun tí èyíkéyìí nínú wa máa ṣe: ó kó kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọkùnrin náà ní láísẹ́ǹsì CDL, kì í mutí, ó sì mọ ọkọ̀ wà. Ó gbẹ́rù, ó dorí kọ Louisiana, ó sì gbá ọkọ̀ kan lẹ́yìn lójú ọ̀nà I-10. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí kankan kò lọ sí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé láti ibi ìsìnkú, lẹ́tà méjì láti ilé iṣẹ́ adójútòfò ló bá nílé. Èkíní sọ pé wọn kò ní tún tírélà rẹ̀ ṣe, nítorí orúkọ ẹni tó wà á kò sí lára àwọn awakọ̀ tó kọ fún wọn. Èkejì sọ pé àwọn ti sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ gbá, kí ó wá dá owó náà padà.

Lẹ́tà kejì yìí ló ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù nígbà tí mo sọ ọ́ nípàdé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló gbé e ró. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní MCS-90, tí wọ́n máa ń so mọ́ ìńṣọ́ránsì àwọn tó ń gbowó kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ará ìlú ni wọ́n ṣe é fún. Bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá tilẹ̀ rí ìdí tí kò fi yẹ kó sanwó, ìwé yẹn lè mú un ní dandan láti san owó ẹni tó fara pa, ṣùgbọ́n ó tún fún un láṣẹ láti gba owó náà padà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Kò kan ẹrù, kò kan ọkọ̀ rẹ, kò kan ara awakọ̀ rẹ. Òfò ẹlòmíràn ló ń dójú tì. Tìrẹ ṣì ń dúró dè ọ́ nílé.

Dọ́là 750,000 ni ó kéré tán tí òfin ní kí ìńṣọ́ránsì ìpalára gbé, fún ẹni tó ń kó ẹrù tí kò léwu. Láti àwọn ọdún 1980 ni iye náà ti wà bẹ́ẹ̀. Àwọn alárinà tó ń fúnni lẹ́rù kì í sábà gbà á. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú dọ́là 100,000 fún ẹrù. Ẹ ka ti ẹrù yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í san owó ẹja tó bàjẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ amúǹkan-tutù kú, àfi tí ẹ bá ra ìyẹn mọ́ ọn. Òmíràn kì í sanwó bí olè bá gbé ẹrù lára ọkọ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé owó ìńṣọ́ránsì ga. Ní ọdún 2018, níbí ní Houston, ilé ẹjọ́ kan bu nǹkan bí 90 mílíọ̀nù dọ́là lé iléeṣẹ́ akẹ́rù Werner lórí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní I-20 ní 2014. Ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Texas tó dá ẹjọ́ náà nù. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń ba ilé iṣẹ́ adójútòfò lẹ́rù, ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo sì ń sanwó ìbẹ̀rù yẹn pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ìwé àṣẹ ìkẹ́rù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló máa ń san jù, torí kò tíì ní ìtàn tí wọ́n lè kà.

Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ má sáré gba ìwé àṣẹ tirẹ̀. Kó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ọdún méjì. Ìńṣọ́ránsì iléeṣẹ́ náà ló máa wà lórí rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Tirẹ̀ á sì jẹ́ ti ìgbà tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí owó rẹ̀ kéré jìnnà. Àwọn kan máa sọ pé iléeṣẹ́ náà ń jẹ nínú owó ẹni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún méjì wakọ̀ láìsí ìjàǹbá ní ohun tó lè fi dúnàádúrà lọ́dún kẹta.

Ohun tí mi ò ní dákẹ́ lé ni irọ́ tí a ń pa nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn ní Alief, níbí ní Houston, ń kọ àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní abúlé kan torí owó ibẹ̀ dínkù. Ẹni tó ń lọ sí California ń kọ pé òun kì í jìnnà kọjá Dallas. Bí ọjọ́ burúkú bá dé, fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ síta. Owó tí ẹ fi irọ́ dín kù kì í tó owó lọ́yà ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí owó ìńṣọ́ránsì oṣooṣù yẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ fagi lé ìńṣọ́ránsì yóò fi tó FMCSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù, létí ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú. Bí ẹ kò bá rí òmíràn fi dípò rẹ̀, àṣẹ ìkẹ́rù yín lè wọmi.

Ẹ mú ìwé yín wá sí ìpàdé oṣù yìí. A ó jọ kà á. Ojú ewé tí orúkọ àwọn awakọ̀ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Bí orúkọ ẹni tó máa wa ọkọ̀ yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè kò bá sí níbẹ̀, ẹ pe aṣojú yín kí ọkọ̀ tó kúrò nílé.