Kọ Ọ́ Sábẹ́ Fàájì: Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Turbo Alágbára àti Epo Tó Ń Mu

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn èèyàn wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, pàápàá jù lọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ gidi. Wọ́n á ra ọkọ̀ tó ní agbára ẹṣin 300, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Bí bàbá bá wá béèrè pé, "Ṣé owó epo ọkọ̀ yìí kò ní pa ọ́ lára?", èsì ti wà nílẹ̀: "Rárá o, Dádì. Turbo ló ní. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni. Kì í jẹ epo." Bàbá á mi orí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Èmi kò gbà kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Oníṣirò owó ni mí, iṣẹ́ mi sì ni láti máa béèrè ibi tí owó gbà lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le rárá: ọkọ̀ turbo alágbára kì í fún èèyàn ní agbára àti ìfowópamọ́ lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí o bá gbà, o ti pàdánù èkejì. Ẹni tó bá ní òun ń rí méjèèjì gbà nínú ìrìn ojoojúmọ́, ìwé ìṣirò rẹ̀ kò pé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí turbo jẹ́. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ rí mọ ẹwìrì. Bí ẹwìrì bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí iná, èédú á pọ́n, irin á rọ̀, ṣùgbọ́n èédú náà á yára tán. Turbo ni ẹwìrì ọkọ̀. Èéfín gbígbóná tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, abẹ̀bẹ̀ yẹn ló sì ń yí èkejì tó ń ki atẹ́gùn bọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905. Nígbà tí atẹ́gùn bá pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì kékeré, àyè á wà láti sun epo púpọ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré á sì ṣe iṣẹ́ ńlá. Kò sí idán níbẹ̀. Nǹkan bí ìwọ̀n atẹ́gùn 14.7 ni ìwọ̀n epo pẹtiróòlù kan ń fẹ́ kó tó lè jóná tán, nítorí náà bí atẹ́gùn bá ṣe ń pọ̀ ni epo náà gbọ́dọ̀ máa pọ̀. Ẹwìrì kì í bí èédú.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀ tí n kò ní sẹ́. Nígbà tí ẹwìrì bá ń sinmi, ẹ́ńjìnnì kékeré kì í mu epo tó ẹ́ńjìnnì ńlá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ́ńjìnnì turbo 1 lítà sínú ọkọ̀ ẹbí lásán. N kò bá àwọn yẹn jà. Àwọn tí mò ń bá wí ni irú Golf R, Audi S3 àti Mercedes-AMG A35: ẹ́ńjìnnì 2 lítà, agbára tó tó nǹkan bí ẹṣin 300. A kò ṣe ẹwìrì tiwọn láti sinmi, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń rà wọ́n tìtorí pé kó lè sinmi.

Nígbà tí a bá wá tẹná mọ́ ọn gan-an ńkọ́? Atẹ́gùn tí a bá kì pọ̀ máa ń gbóná. Bí ooru bá pọ̀ jù, epo lè gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ẹ́ńjìnnì á máa ró bí ìgbà tí a ń fi òòlù lu irin, ó sì lè bàjẹ́. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí wọ́n da epo sí i ju èyí tí atẹ́gùn lè sun lọ, kí àlékún epo yẹn lè pa ooru. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: epo tí ẹ fi owó yín rà, wọn kò fi í rìn, omi ni wọ́n ń fi í ṣe, tí wọ́n fi ń bu iná pa.

Nígbà àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń fi turbo purọ́ ìfowópamọ́. Ní ọdún 1973 ni BMW gbé 2002 Turbo jáde. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ti kò láti ta epo fún Amẹ́ríkà àtàwọn mìíràn, tí owó epo sì fò sókè kárí ayé. Nígbà tó fi máa di 1975, wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ yẹn dúró. Iye tí wọ́n ṣe kò tó ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ nígbà náà pé eré ni turbo wà fún.

Báwo ni ó ṣe wá di ohun tí a fi ń ṣọ́wó ná? Owó orí ló fà á. Láti oṣù kẹta ọdún 2001 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwọ̀n gáàsì kábọ́ọ̀nù tó ń jáde lára ọkọ̀ tuntun kí wọ́n tó bu owó orí rẹ̀. Ìwọ̀n gáàsì yẹn kò yàtọ̀ sí ìwọ̀n epo tó jóná. Inú yàrá ìdánwò ni wọ́n sì ti ń mú nọ́ńbà náà jáde. Ẹni tó bá lè mú nọ́ńbà kékeré jáde níbẹ̀, ọjà rẹ̀ á tà.

Ẹ wo bí ìdánwò náà ṣe rí. Èyí tí wọ́n lò ní Yúróòpù títí di 2017, tí wọ́n ń pè ní NEDC, kì í ṣe ojú títì ni wọ́n ti ń ṣe é. Orí irin róbótó tó ń yí ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ lé. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló ń gbà, kílómítà mọ́kànlá péré. Láti ojú kan dé 50 kílómítà ní wákàtí, ìṣẹ́jú àáyá 26 ni wọ́n ń yọ̀ǹda fún ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn wé ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ń fi yangàn pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 ló fi ń dé 100! Ẹwìrì kò rí iṣẹ́ gidi ṣe nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ni wọ́n sì ń sanwó fún àwọn tó ń dán an wò. Nídìí iṣẹ́ tiwa, a kì í jẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ́ àpótí owó yan ẹni tí yóò yẹ àpótí náà wò.

Àbájáde rẹ̀ kò pamọ́. Ẹgbẹ́ olùwádìí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ICCT ṣe ìfiwéra epo tí ọkọ̀ ń mu lójú títì pẹ̀lú èyí tó wà nínú ìwé. Ní 2001, nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ojú títì fi ju ti inú ìwé lọ. Nígbà tó di 2015, ó ti di nǹkan bí 42. Láti 2017 ni wọ́n ti mú ìdánwò tuntun wá, WLTP, tó gùn jù, tó sì yá jù. Ó sàn ju ti àtijọ́ lóòótọ́. Síbẹ̀, nínú ìròyìn tí Àjọ Yúróòpù gbé jáde ní 2024 lórí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní 2021, epo tí àwọn ọkọ̀ pẹtiróòlù mu lójú títì fi ìdá 23.7 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìwé lọ. Gbogbo ọkọ̀ pẹtiróòlù ni ìyẹn o, títí kan ti ìyá arúgbó tó ń rọra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìrìn ojoojúmọ́ tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í rìn jìnnà. A ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, a ń lọ sí ibi iṣẹ́, a ń lọ ra iṣu ní Peckham, a ń lọ ṣe ìsọjí ní Old Kent Road. Ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná dáadáa tí a ti dé ibi tí à ń lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tútù a máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, gbogbo agbára tí a fi epo rà láti mú ọkọ̀ wúwo kúrò lójú kan ni a ń sọ di ooru lára bíréèkì ní iná tó kàn. Ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná pọ̀ mọ́ epo lè gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Turbo kò lè gba nǹkan kan padà níbẹ̀. Ibo ni a tilẹ̀ ti fẹ́ lo ẹṣin 300 náà? 20 máìlì ní wákàtí ni òfin gbà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ Wales ṣe láàárín ìlú láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Kódà, ní 60 máìlì ní wákàtí lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọkọ̀ kékeré kò nílò tó ẹṣin 30. Ẹṣin 270 tó kù, oorun ni wọ́n ń sùn, ṣùgbọ́n ẹ ti sanwó wọn.

Àwọn kan á ní, "Mo máa ń rí 40 máìlì lórí gálọ́ọ̀nù kan ní òpópó márosẹ̀, mo sì ń rí 20 láàárín ìlú. 30 ló jẹ́ tí a bá pín in." Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ní ó rin 20 máìlì níbí, ó rin 20 lọ́hùn-ún. Ti márosẹ̀ gba ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù, ti ìlú gba odidi kan. 40 máìlì lórí gálọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ kò ju 26.7 lọ. Ìlú ni ó ń jẹ epo, ìlú náà sì ni a ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Kí á ní ọ̀dọ́ kan ń rin 8,000 máìlì lọ́dún. Ìwé sọ pé 38 máìlì lórí gálọ́ọ̀nù ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa rìn, ó sì fi £1.40 lórí lítà kan ṣírò rẹ̀. Ó retí £1,340 lọ́dún. Ṣùgbọ́n láàárín ìlú, 28 ló ń rí, ó sì ń ra epo onípò gíga tí a máa ń dámọ̀ràn fún ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ká ní £1.60 ni lítà kan. Ó di nǹkan bí £2,078. Àlàfo £738 ti là síbẹ̀ lọ́dún kan. Bí aládùúgbò rẹ̀ bá ń rí 45 nínú ọkọ̀ kékeré lásán, £1,131 ni tirẹ̀. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì lé ní £4,700 ní ọdún márùn-ún. N kò tíì fẹnu kan owó adójútòfò, táyà gbígbòòrò àti bíréèkì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí £4,700 lè ṣe: ó lè gbé owó ìpìlẹ̀ ilé síwájú, ó lè sanwó ilé ìwé àbúrò tó wà nílé.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọn á ní, "Bí mo bá ń rọra wà á ńkọ́?" Bí o bá ń rọra wà á, epo á dínkù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni o wá ra ẹṣin 300 fún? Kì í ṣe gbogbo adójútòfò ni yóò dín owó rẹ̀ kù nítorí pé o ń rọra, iye ọkọ̀ náà kò sì ní yé wálẹ̀. Wọn á tún ní, "Owó mi ni, ó wù mí ni." Èyí ni mo bọ̀wọ̀ fún. Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú fàájì. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ nítorí pé eré rẹ̀ dùn mọ́ ọn, kó kọ ọ́ sábẹ́ fàájì nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, kó sì wò bóyá fàájì rẹ̀ gbà á. Èyí tí n kò gbà ni kó kọ ọ́ sábẹ́ ìrìnnà, kó tún wá fún un ní orúkọ ìfowópamọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí wọ́n ń bẹ̀ pé kí ẹ buwọ́ lu ìwé gbèsè ọkọ̀, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bẹ̀ wọ́n, ohun mẹ́ta ni mo fi lélẹ̀. Èkíní, kí ẹ tó rà á, ẹ má wo nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ síwájú. Ìdánwò WLTP pín sí ìpele mẹ́rin. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n pè ní Low, òun ló sún mọ́ ìrìn ìlú jù. Èkejì, bí ẹ bá ti rà á, ẹ má gbára lé kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ nìkan. Ẹ bu epo kún táǹkì, ẹ kọ iye máìlì sílẹ̀. Bí ẹ bá tún bù ú kún, ẹ kọ iye lítà tó wọlé. Ẹ fi 4.546 pín lítà náà kó di gálọ́ọ̀nù, kí ẹ sì fi gálọ́ọ̀nù pín máìlì. Ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, ẹ fi ìwé yẹn han ẹni tí ẹ ti sọ fún pé ọkọ̀ yín kì í jẹ epo.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ṣùgbọ́n ojú agbada lẹ́fọ̀ọ́ ti ń jinná. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ ti ṣírò tirẹ̀ tán kí ẹ tó dé ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣírò tiyín.