Ẹ̀rù Tí A Fi Owó Rà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń fi owó ara wọn sanwó kí a lè gbé wọn sínú ọkọ̀ kan tí yóò dorí wọn kodò lójú òfuurufú. Ọkọ̀ náà ni ọkọ̀ ojú irin ìṣeré, tí ó máa ń wà nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀wọ̀n irin ni ó ń fà wọ́n gun òkè. Bí wọ́n bá sì dé téńté, a óò jọ̀wọ́ wọn, wọn a máa já bọ̀ bí òkò, wọn a tún máa gun òkè mìíràn, títí eré yóò fi tán nínú wọn.

Àwọn tí kò fẹ́ràn irú ìgbafẹ́ yìí a máa béèrè pé, eré kí ni ajá ń bá ẹkùn ṣe? Ìbéèrè wọn tọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹkùn náà kò gbọdọ̀ ní eyín. Ẹni tí ó bá ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè tan ojú ènìyàn jẹ bí ó bá ti wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ara rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo yìí ni a fi ń mọ ọlọ́gbọ́n yàtọ̀ sí aláìgbọ́n nínú iṣẹ́ náà.

Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni eré yìí ti ṣẹ̀. Ní ìgbà òtútù, wọn a fi igi kan òkè gíga, wọn a da omi sí i lára kí ó lè di yìnyín, wọn a sì máa yọ̀ láti orí rẹ̀ wá sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará Faransé àti àwọn ará Sípéènì fi ń pe ọkọ̀ náà ní "òkè Rọ́ṣíà" títí di òní. Ní ọdún 1884, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LaMarcus Thompson ṣí ti rẹ̀ ní Coney Island, létí òkun New York. Sẹ́ǹtì 5 ni owó rẹ̀, eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí máìlì 6 lọ ní wákàtí kan. Thompson mọ̀ pé irú eré pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dá ènìyàn lára yá pẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ó kọ́ òmíràn sí Atlantic City ní ọdún 1887, ó mú ojú irin náà gba inú ihò kọjá, ó ya àwòrán sí ihò náà lára, ó sì tan iná sí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ṣọ́ ṣe wọ inú iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò fẹ́ ọ̀ṣọ́. Agbára ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 1895, wọ́n kọ́ ojú irin kan tí a ń pè ní Flip Flap sí Coney Island kan náà. Ó ká sókè bí òrùka tí a gbé nàró, gíga òrùka náà sì jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25. Òbìrìkìtì gidi ni, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ kò kéré. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti so okùn mọ́ korobá omi, tí ó sì fì í yípo rí, mọ̀ pé omi náà kì í dà bí korobá tilẹ̀ dojú dé. Bí omi ṣe ń tẹ̀ mọ́ ìdí korobá ni èrò ṣe ń tẹ̀ mọ́ àga rẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìtẹ̀ náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí òrùka náà bá sì há dé ìdajì, ìtẹ̀ náà yóò tún di ìlọ́po méjì. Ọkọ̀ Flip Flap a sì máa já wọ inú òrùka tóóró náà lójijì, ní ìsàlẹ̀, níbi tí eré rẹ̀ ti le jù. Àwọn tí ó fojú díwọ̀n ìtẹ̀ náà sọ pé ó lè tó ìlọ́po 12 ìwọ̀n ara ènìyàn. Bí orí àgbàlagbà bá wọn pọ́n-ùn 10, á di pọ́n-ùn 120 lórí ọrùn rẹ̀, èyí tí ó ju ẹ̀kún àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Abájọ tí ọrùn fi ń dun àwọn tí ó wọ̀ ọ́, tí wọ́n sì pa á tì láìpẹ́ ọdún.

Ní ọdún 1976, àwọn ará Jámánì méjì, Anton Schwarzkopf àti Werner Stengel, tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ní ọgbà Magic Mountain ní Kalifóníà. Òrùka tiwọn ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 90, ṣùgbọ́n kì í ṣe òbìrìkìtì gidi. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré jù, wọ́n jẹ́ kí irin náà ká díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àyè púpọ̀. Ní òkè, níbi tí eré ti dínkù, wọ́n jẹ́ kí ó ká tán. Òrùka yìí ga ju ti àkọ́kọ́ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bani lẹ́rù jù ú lọ, síbẹ̀ ó rọ ara lọ́rùn jù ú lọ. Láti ibẹ̀ ni a ti lè mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rù, ọ̀tọ̀ ni ìrora.

Àwọn kan ṣì ń wí pé ọ̀ṣọ́ jẹ́ ìnáwó àpà, pé irin nìkan ni ó yẹ kí a náwó lé lórí. Wọn kò rò ó jinlẹ̀. Ní ọdún 1975, wọ́n ṣí ọ̀kan tí ń jẹ́ Space Mountain ní Fúlọ́rídà. Eré rẹ̀ kò tó máìlì 30 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni ó ti ń sáré. Ẹni tí kò rí iwájú kò mọ ìgbà tí ìyípo ń bọ̀. Nítorí náà eré kékeré a di eré àsápajúdé lọ́kàn rẹ̀. Òkùnkùn ni ó dẹ́rù bà á, ọrùn kò sì san gbèsè kankan. Bákan náà ni ọgbà Alton Towers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Nemesis, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1994, wọn kò láṣẹ láti kọ́ ohun tí yóò ga ju igi àyíká lọ. John Wardley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ráhùn. Wọ́n fọ́ àpáta, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n sì mú ojú irin gba àárín òkúta kọjá, pẹ̀lú omi tí a pa láró pupa bí ẹ̀jẹ̀. Bí òkúta bá ń fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, kò nílò gíga kí àyà rẹ̀ tó já.

Ẹ fi èyí wé Kingda Ka, tí wọ́n ṣí ní New Jersey ní ọdún 2005. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 456, kò sì sí èyí tí ó ga tó o láyé nígbà náà. Ní ọdún 2024 wọ́n tì í pa; ní ọdún 2025 wọ́n wó o lulẹ̀. Matterhorn ti ọgbà Disneyland, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1959, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 147 lọ, a sì ṣe é ní àwòrán òkè yìnyín ilẹ̀ Switzerland. Ní ọdún 1978, wọ́n fi òmìrán onírun kan sínú ihò rẹ̀, wọn kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún gíga rẹ̀, èrò sì ń tò síbẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá fi gíga nìkan yangàn, ọjọ́ kan ni ẹni tí ó ga jù ú lọ yóò dé. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a sọ dáradára kì í tètè gbó.

Kì í ṣe pé kí ọ̀ṣọ́ wá bo àléébù mọ́lẹ̀. Òkè tí a kùn lọ́dà, tí irin inú rẹ̀ kò dúró, ikú ni. Láti ọdún 1919 tí John Miller ti gba ìwé àṣẹ lórí àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ń di abẹ́ irin mú, kí ọkọ̀ má baà fò kúrò lójú ọ̀nà, èrò tí ó ń kígbe lórí àga kì í rí wọn, kì í sì í dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ àwọn ni wọ́n jẹ́ kí igbe náà di ẹ̀rín nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Bí ó ti yẹ kí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rí nìyẹn: kí èyí tí ojú ń rí kún fún ẹwà, kí èyí tí ojú kò rí kún fún òtítọ́.