Ẹ má dá aláìsàn nìkan lẹ́bi

Sí Olóòtú,

Àkọ́sílẹ̀ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ní bí fọ́ńgọ́ọ̀sì ẹnu bá kọ̀ tí kò lọ, aláìsàn ni kò lo oògùn pé, tàbí kó jẹ́ ayédèrú ló rà. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò pé.

Bí fọ́ńgọ́ọ̀sì Candida albicans bá rí ibi lẹ̀ mọ́, bí eyín àtọwọ́dá tàbí rọ́bà tí wọ́n kì bọ ojú iṣan, ṣe ni wọ́n máa ń ṣù jọ, tí wọ́n á fi nǹkan yíyọ̀ bo ara wọn. Èròjà glucan inú nǹkan yíyọ̀ yìí ń dá fluconazole, ìyẹn oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì, dúró lọ́nà. Èyí tó bá ráyè wọlé, fọ́ńgọ́ọ̀sì náà tún ń tì í síta. Bẹ́ẹ̀, ojúlówó oògùn ni, aláìsàn sì lò ó pé.

Ìdí nìyí tí ìlànà ìtọ́jú tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016 fi ní kí wọ́n tètè yọ rọ́bà ojú iṣan tó bá fa àrùn Candida inú ẹ̀jẹ̀, bí yíyọ rẹ̀ kò bá ní í léwu. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo eyín àtọwọ́dá, ẹ máa bọ́ ọ lálẹ́, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ dáadáa. Oògùn nìkan kò lè ṣe é.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.