Ọjọ́ tó wà lára ìpara kò sọ tán

Ẹ mú ìpara kan nínú yàrá yín, kí ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ló ti wá, ẹ lè má rí ọjọ́ ìparí kankan níbẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni àwòrán ike kékeré tí ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú 6M tàbí 12M.

Òfin Yúróòpù ti ọdún 2009 ló fà á. Ó ní ohun ìṣaralóge tó bá lè pẹ́ ju oṣù 30 lọ kò nílò ọjọ́ ìparí. Iye oṣù tí èèyàn lè lò ó lẹ́yìn tó bá ti ṣí i ni kí wọ́n kọ. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó pọn ọjọ́ ìparí ní dandan fún ohun ìṣaralóge.

Ti Nàìjíríà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà NAFDAC ní kí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí hàn lára rẹ̀. Ó dára, àmọ́ kò tó. Ìpara tí a kò tíì ṣí ni ọjọ́ yẹn wà fún. Bí a bá ti ṣí i, ìka wa ń kó kòkòrò àìfojúrí wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ ń rẹ̀yìn.

Àjọ FDA Amẹ́ríkà sọ pé àwọn onímọ̀ kan gbà wá níyànjú láti pààrọ̀ máskárà lẹ́yìn oṣù 3. Bí wọ́n bá kọ 2028 sára rẹ̀, ta ló máa jù ú nù lẹ́yìn oṣù 3? Bẹ́ẹ̀, ojú lọba ara.

Àwọn kan á ní ọjà ti wọ́n, ta ló fẹ́ da owó nù? Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ̀ ká tó sanwó, ká lè ra ike kékeré tí a máa tètè lò tán.

Ọjà kì í dúró sí ẹnubodè kan. Èyí tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu lè dé Èkó lọ́la. Nítorí náà, ECOWAS ló yẹ kó pa á láṣẹ: ọjọ́ ìparí àti iye oṣù lẹ́yìn ṣíṣí, méjèèjì, lára ike fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára páálí tí a máa ń sọ nù.

Kó tó dìgbà náà, ẹ fi báírò kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí ìdí rẹ̀.