Àìsàn Parkinson: Kì í Ṣe Ọwọ́ Gbígbọ̀n Nìkan

Nígbà tí Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò tó gbajúmọ̀ nì, tan iná ìdíje Òlíńpíìkì ní ìlú Atlanta lọ́dún 1996, gbogbo ayé ló rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ọdún 1984 ni àwọn dókítà ti sọ fún un pé àìsàn Parkinson ló ń ṣe é. Ọdún 2016 ni ó tó jáde láyé. Ọdún 32 kì í ṣe ọjọ́ kan. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, irú ìgbé ayé tí aláìsàn yóò máa gbé ni ó yẹ kí ó jẹ wá lógún.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2019, àwọn tó ní àìsàn yìí lé ní mílíọ̀nù 8.5 káàkiri ayé. Nínú ọpọlọ wọn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè èròjà dopamine, èyí tí ń jẹ́ kí ara rìn geere, ń kú díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ gbígbọ̀n ni àwa ń rí. Ṣùgbọ́n ìsoríkọ́, àìróorunsùn, ìrora àti àìrígbẹ́yà ló sábà máa ń mú ayé sú aláìsàn jù. Ìsoríkọ́ yìí kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ara àìsàn náà ni. Ojú rẹ̀ a le, àwọn ènìyàn a ní ó ń bínú. Ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀, wọ́n a ní ó ń gbéraga. Bí ó bá sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n a ní ó mutí, tàbí pé ayé ló ń ṣe é.

Oògùn levodopa, tí a ti ń lò láti àwọn ọdún 1960, ni ó ṣì gbéṣẹ́ jù. Kò lè mú àìsàn náà kúrò, àmọ́ ó ń dẹ ara. Oògùn yìí ní aago: bí wákàtí rẹ̀ bá kọjá, ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìsìn lè má lè dìde mọ́ kí ìwàásù tó parí. Ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà lè dí i lọ́wọ́ nínú ara, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi sábà ń ní kí á lò ó ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ. Àlùfáà tó bá ní kí aláìsàn gbààwẹ̀, kí ó sì pa oògùn tì, kò mọ ohun tó ń ṣe (mo sọ ọ́ láìfi bò): dídá levodopa dúró lójijì lè fa ibà líle àti gígan ara tó lè gbẹ̀mí. Ó yani lẹ́nu pé yèrèpè, tí àgbẹ̀ ń sá fún nítorí ara yíyún, ní levodopa nínú. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kì í dọ́gba, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lọ gún un mu.

Ní Nàìjíríà, dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ kò tó nǹkan, ìlú ńlá sì ni púpọ̀ nínú wọn wà. Àpò ẹbí ni owó oògùn sábà ti ń jáde. Aya tàbí ọmọ tí ń yí aláìsàn padà lóru kì í sì í sùn tó. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá máa gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀.

Eré ìdárayá pẹ̀lú ń ṣèrànwọ́, ijó sì wà lára rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lè gbé e bí ó bá gbọ́ ìró ìlù tó ń lọ déédéé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un ní ẹ̀gbẹ́ àwọn onílù.