Kí ìjọba kọ́kọ́ dí ihò àpò rẹ̀



Nígbà tí owó kò bá tó ìjọba ná, yóò bu kún owó orí, tàbí kí ó dín ìnáwó rẹ̀ kù. Bíbu owó orí kún rọrùn fún ìjọba, ṣùgbọ́n èjìká àgbẹ̀ àti ti ìyá ọlọ́jà ni ẹrù rẹ̀ ń wọ̀. Èrò tiwa ni pé kí ìjọba kọ́kọ́ dín ìnáwó kù. Àwọn àgbà wí pé, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

A ti rí ohun tí ìnáwó àìníwọ̀n ń fà. Ní 1989, owó tán lápò ìjọba. Àwọn bánkì ìjọba ti kógbá wọlé. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ lo oṣù púpọ̀ láìgba owó iṣẹ́. Ìyanṣẹ́lódì gba ìlú kan, títí Àpérò Orílẹ̀-èdè fi wáyé ní oṣù kejì 1990. Lára ohun tó fa gbèsè náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tí kò mú èrè wọlé.

Ọ̀kan wà lẹ́bàá wa: ilé-iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀ ní 1975. Wọ́n fẹ́ kí ó máa ṣe nǹkan bí 45 000 tọ́ọ̀nù ṣúgà lọ́dún, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú jáde kéré púpọ̀ sí èyí. Láàárín 1980 sí 1985, iye tí wọ́n ń ta ṣúgà lágbàáyé já wálẹ̀ gan-an. Ní 2003, wọ́n fi ilé-iṣẹ́ náà háyà fún àwọn ará Ṣáínà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí á ṣírò dáadáa kí á tó nawọ́ sí àpò.

Ìjọba ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Tẹ́lẹ̀, ìbò ń tẹ̀lé ìbò: ti aṣòfin ní 2019, ti kọ́múnù ní 2020, ti olórí orílẹ̀-èdè ní 2021, ti aṣòfin mìíràn ní 2023. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ìjọba ń tẹ ìwé ìbò, ó ń ra epo ọkọ̀, ó ń sanwó òṣìṣẹ́. Òfin Àgbà tí wọ́n tún ṣe ní oṣù kọkànlá 2019 kó gbogbo ìbò wọ̀nyí sínú ọdún kan náà, bẹ̀rẹ̀ láti 2026. A kò bu owó orí ẹnikẹ́ni kún nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Nígbà tí ìjọba dẹ́kun gbígba olùkọ́ ní àkókò ìṣòro yẹn, àwọn òbí ni wọ́n ń dá owó jọ láti san owó olùkọ́ àdúgbò. Owó orí mìíràn nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ìjọba má fọwọ́ kan ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn. Ìrìn-àjò tí kò wúlò, ọkọ̀ tó pọ̀ jù àti iṣẹ́ tí a kò parí ni kí ó wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, iṣẹ́ yín rèé. Ìpàdé ìgbìmọ̀ kọ́múnù jẹ́ ti gbangba lábẹ́ òfin. Ẹ lọ jókòó níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka ìṣirò owó ọdún. Ẹ béèrè iye tó wọlé, iye tó jáde àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Owó tí a bá ń ṣọ́ kì í sọnù bọ̀rọ̀.